Ìdáhùn Àbídèmí Nílé Arókèsun

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Cotonou ní Dassa-Zoumè lónìí, tí ẹ sọ fún ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sémíjàn níbẹ̀, pé kó gbé yín lọ sọ́dọ̀ Àbídèmí oníke, kò ní bi yín pé Àbídèmí wo. Yóò kàn ní kí ẹ gun ẹ̀yìn òun ni. Ẹ ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín garawa, ọpọ́n àti abọ́ ike aláwọ̀ oríṣiríṣi, tó ń fi Faransé yọ àwọn olùkọ́ lẹ́nu, tó ń fi Ìdáàṣà, èdè ìlú náà, bá àwọn ìyá àgbẹ̀ tó wá láti Kpingni nájà, tó sì jẹ́ pé bí inú bá bí i tán, èdè Ìkìrun ló fi ń bínú. Bí oníbàárà bá dá iye tí kò wọ̀ ọ́ létí, yóò wò ó lójú, yóò ní "rárá," lẹ́yìn náà ni yóò tó rẹ́rìn-ín. Ẹ má fojú kékeré wo "rárá" yẹn. Ìrìn àjò tó gbé e kúrò nílẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi rí i.

Ìkìrun ni wọ́n bí i sí, nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, wà lójú ọ̀nà Sókótó. Ọmọ dáadáa ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà ì bá sì máa pè é bẹ́ẹ̀ bí n kò bá mọ ohun tó ń ná an. Àbídèmí kì í dáhùn ìbéèrè. Ohun tí ẹni tó ń béèrè bá fẹ́ gbọ́ ló máa ń fún un. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá yóò lọ kọ́ ìṣirò owó nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ òwò ṣíṣe ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ó ní ó dáa. Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà wá ní òun ti rí ẹlòmíì, ó sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní rárá o, kò dùn òun. Ó dùn ún títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rò pé ibà ni. Ẹ ò rí nǹkan: rárá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó sọ ní gbogbo ìgbà yẹn, irọ́ ni.

Lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́, tí iṣẹ́ kò yọjú, bàbá rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ẹni tó bá gbọ́ Faransé kì í wá iṣẹ́ tì. Ó rántí Àlájà Ràhímọ́tù, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tí òun máa ń bá kó ẹrù nígbà kan, tó ti ń ta ike lọ́jà Dassa láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n fẹnu kò pé kí Àbídèmí wá lo ọdún kan, kó máa bá Àlájà tajà lọ́sàn-án, kó máa lọ kọ́ Faransé nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá yóò lọ. Ẹ mọ ohun tó dáhùn.

Ó rò pé ìlú òkèèrè gidi lòun ń lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ èdè òun. Nígbà tí ọkọ̀ ń wọ Dassa, tí àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, àpáta lórí àpáta, tí ilé há sáàárín wọn níbi tó bá ti ráàyè, ó gbọ́ tí àwọn obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà létí fèrèsé ọkọ̀ ń bá ara wọn ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó gbọ́ "omi", ó gbọ́ "ọmọ", ó gbọ́ "ilé", ṣùgbọ́n ohun tó so wọ́n pọ̀ kò yé e. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Faransé ló wá kọ́, àmọ́ Ìdáàṣà ló kọ́kọ́ fà á létí.

Ilé Àlájà Ràhímọ́tù kún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ débi pé ẹni tó bá dìde lórí àga, ó ti sọ àga náà nù. Nítorí náà ó bá Àbídèmí gba yàrá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ìyá Suzanne, nísàlẹ̀ òkè. Opó ni Ìyá Suzanne, ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ níbi Máàsì ọjọ́ Àìkú. Agbo ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Arókèsun, torí pé nígbà ogun àtijọ́, orí òkè yẹn gan-an ni àwọn baba wọn ń sá lọ sùn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí, àwọn ewúrẹ́ sì ń dúró lókè níbẹ̀, wọ́n ń wo èlùbọ́ náà bí ẹni tí kò rò ó.

Nínú ilé yìí, ìkíni òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ìyá Suzanne yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, rosárì lọ́wọ́, bó bá sì ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, yóò ní, "Arókèsun." Ọmọ tí wọ́n bí sílé náà yóò dáhùn pé, "A jí bá òkè." Ìyàwó ilé yóò ní, "Ọkọ mi jí bá òkè." Àlejò yóò kí i káàárọ̀ bí gbogbo ayé ti ń kíni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ìyá tí kò ríran dáadáa ṣe ń mọ ẹni tó ń kọjá nìyẹn. Ẹni tó bá dáhùn bí ọmọ ilé, ọmọ ilé ni, ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó ń fi í ṣàwàdà, torí ọmọ Arókèsun kì í fẹ́ ọmọ Arókèsun.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún Àbídèmí. Ohun tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílé, ta ló máa rántí pé ó yẹ ká sọ ọ́? Ó kàn ń gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀ bí àwọn ọmọ ṣe ń dáhùn, ó rò pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí àgbà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ń fi í kọ́ ẹnu lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n má baà rí i bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde pẹ̀lú garawa omi, Ìyá Suzanne ní, "Arókèsun." Àbídèmí fi orúnkún kanlẹ̀, ó ní, "A jí bá òkè."

Rosárì dúró lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní kó tún un sọ. Àbídèmí tún un sọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó rí i pé inú ìyá dùn. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ìdáàṣà tó yára bí òjò, ó ń nawọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ọmọ Arókèsun kan sá gba ìlà-oòrùn lọ nígbà ogun, wọn ò padà. Pé ìyá ọkọ òun, kó tó kú, ní kí òun máa tẹ́tí sílẹ̀ dè wọ́n. Ó béèrè bóyá àwọn bàbá Àbídèmí ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "bàbá" àti "ilé" nìkan ló yé ọmọ Ìkìrun. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ohun tó ṣe. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ayé yẹ ẹ́. Wọ́n kó o kúrò ní yàrá àlejò, wọ́n fi í sí yàrá tó kọjú sí òkè. Bí wọ́n bá gún iyán, tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Tonton Théodore, àbúrò ọkọ Ìyá Suzanne àti olórí ilé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sọ Faransé bí ẹni tó ṣì wà níwájú kíláàsì, pe orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ilé, ó ní "notre fille," ìyẹn ọmọbìnrin wa. Àbídèmí gbà pé àwọn èèyàn yìí kàn lawọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò ti rò ó pé kí ló fà á.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Léonard, ọmọ-ọmọ Ìyá Suzanne. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ omi abúlé ṣe ni Léonard ń ṣe, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí omi tó jáde látinú ilẹ̀. Èèyàn gíga ni, kò yára sọ̀rọ̀, ó sì máa ń wá irin iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri nígbà tí irin náà wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ná ọjà ní Soclogbo, bó bá ní iṣẹ́ lápá ibẹ̀, Àlájà Ràhímọ́tù yóò ní kó gbé Àbídèmí àti ẹrù ike sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Àbídèmí ń pè é ní Fofó Léonard, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́hùn-ún. Òun náà ń pè é ní "ma sœur," arábìnrin mi.

Ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀, ọ̀kan gba ẹsẹ̀ òkè, ọ̀kan gba inú oko káṣú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Léonard béèrè èwo ni kí àwọn gbà. Àbídèmí ní èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Léonard pa ẹ̀rọ alùpùpù, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó dúró. Àbídèmí rò pé alùpùpù ló bàjẹ́. Nígbà tó yá ó béèrè kí ló ṣẹlẹ̀.

"Mo ń dúró de ohùn rẹ ni," Léonard ní. "Èmi bi ọ́ ní nǹkan."

Ojú ti Àbídèmí, inú sì fẹ́ bí i díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ torí rẹ̀ rí. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá ní ó dáa, kí wọ́n gba oko káṣú, torí òórùn rẹ̀ wu òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ibẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Léonard bá béèrè nǹkan, bó ṣe àgbàdo sísun tàbí sísè ni, bó ṣe ìsinmi tàbí kí àwọn máa lọ ni, yóò dúró de èsì bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni tí wọn ò dúró dè rí. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, Àbídèmí ti mọ̀ pé ọjà lòun fẹ́ràn, kì í ṣe ìṣirò owó. Ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ràn ata púpọ̀, òun tó ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn Léonard, ìyẹn kò sì ṣòro mọ̀ rárá.

Ohun tó ṣòro ni Léonard fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn láàárín wọn, tí wọ́n bá jọ rẹ́rìn-ín tán tí ojú wọn pàdé, ó máa sáré fi "ma sœur" sí i, ó máa wojú ọ̀nà. Àbídèmí gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni irú obìnrin tó ń wá. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò dùn ún bíi ti Ìbàdàn, torí lọ́tẹ̀ yìí, ó kéré tán, ó mọ̀ pé ó ń dun òun.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Soclogbo, òjò ká wọn mọ́nà lẹ́sẹ̀ òkè. Wọ́n sá sábẹ́ àpáta kan tó yọrí síwájú, àwọn ọpọ́n ike bo orí wọn, aṣọ wọn tutù. Léonard ń wo òjò. Ó ní Ìyá Suzanne ti sọ fún fádà pé kó ṣe Máàsì ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Assomption, àjọ̀dún Màríà inú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ti Cotonou àti Parakou dé, kí wọ́n lè fi ọmọ tó padà wálé hàn wọ́n. Àbídèmí béèrè ọmọ wo. Léonard rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Ká ní o kì í ṣe ọmọ ilé wa ni," ó ní, ó ṣì ń wo òjò, "ọ̀rọ̀ wà tí ǹ bá ti sọ fún ọ tipẹ́tipẹ́."

"Ta ló ní ọmọ ilé yín ni mí?"

"Ìwọ fúnra rẹ. Ní gbogbo àárọ̀."

Ó wá ṣàlàyé ìkíni náà fún un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe jẹ́. Àbídèmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dúró lójijì. Ó rántí rosárì tó dúró lọ́wọ́ ìyá. Ó rántí ọwọ́ tó nà sí ìlà-oòrùn, ó sì rántí orí tí òun mì. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Bó bá dákẹ́, ọmọ ilé ni yóò jẹ́ títí ayé, pẹ̀lú yàrá tó kọjú sí òkè àti ìyá tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, Léonard yóò sì máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí wọn yóò fi darúgbó. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù ilé náà, kó sì ba ohun tí arúgbó kan ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Léonard náà rí gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ayọ̀ gba Léonard lára pé kì í ṣe ọmọ ilé àwọn, ẹ̀rù sì dà pọ̀ mọ́ ọn.

Léonard ní òun yóò bá a sọ ọ́ fún Ìyá. Àbídèmí ti la ẹnu láti ní ó ṣeun. Ó pa á dé.

"Rárá," ó ní. "Ẹnu mi ló dáhùn."

Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ dájú. Ó pe bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun, ó bi í pé ilé wo ni wọ́n, ibo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Bàbá rẹ̀ ní ṣé ara rẹ̀ yá. Nígbà tó gbọ́ pé ara rẹ̀ yá, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí alágbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ fi ìdí kalẹ̀ sí àdúgbò wọn, ó ka baba lé baba, ó kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí káàdì fóònù fi tán, ó tún pè padà láti parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba òkè Dassa kọjá nínú wọn. Àbídèmí jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ń rò ó pé odidi ìran wà lẹ́yìn òun tí òun kò béèrè rí, tí òun wá ń fi ti ẹlòmíì dáhùn. Ó dùn mọ́ ọn pé òun ní tòun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jáde. Ìyá Suzanne gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Arókèsun."

Àbídèmí kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ń fọ ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ìyàwó ilé kan ń fẹ́ iná. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìkìrun ni mí. Ilé yìí kọ́ ló bí mi. N kò mọ ohun tí mò ń dáhùn, mo kàn fẹ́ kí inú yín dùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó fi Ìdáàṣà sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́ kó má baà ṣi í sọ. Ìyá Suzanne béèrè ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ìyá ní òun gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ rosárì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Tonton Théodore ló sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ó sọ ọ́ tó gbogbo ilé. Ó ní wọ́n ti fi ilé Arókèsun ṣeré, àti pé òun ti ránṣẹ́ sí Parakou, kí ni kí òun wá sọ fún wọn báyìí. Àbídèmí kó ẹrù rẹ̀ kí Tonton tó parí ọ̀rọ̀, ó lọ bá Àlájà Ràhímọ́tù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àlájà ló sì wá ń sùn sí láàárín garawa. Àlájà bú u díẹ̀, ó fún un lẹ́kọ àti àkàrà, ó ní òun gan-an ti gbé Dassa fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú kíkí Suzanne. Léonard ń wá lójoojúmọ́ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, yóò jókòó lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò pè é ní ma sœur mọ́, Àbídèmí náà sì ti yọ Fofó kúrò. Inú wọn ì bá dùn tán pátá, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dárúkọ Ìyá, èkejì á yí ọ̀rọ̀ sí ti ike.

Assomption kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí sémíjàn kan dúró lẹ́nu ọjà. Ìyá Suzanne ló sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, òun tí kì í lọ ibì kankan ju ṣọ́ọ̀ṣì. Àbídèmí sáré dojú ọpọ́n ńlá kan dé fún un, ìyá náà sì jókòó lé e láàárín ọjà, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun bínú. Ó ní òun ti retí àwọn ará ìlà-oòrùn láti ìgbà tí òun ti wọ ilé ọkọ, òun rò pé òun ti rí wọn kí òun tó kú. Ó dun òun, ó ṣì ń dun òun. Ó wá béèrè ìdí tí Àbídèmí kò fi dákẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àbídèmí kò wá ohun tí ìyá fẹ́ gbọ́. "Torí mo fẹ́ Léonard, Ìyá," ó ní. "Mo sì fẹ́ràn yín. N kò fẹ́ fi irọ́ gba ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyá Suzanne ronú sí i. Àwọn oníbàárà dúró, wọn ò ra nǹkan, wọn ò sì lọ.

"Ti Léonard, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n," ìyá ní nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ti pé o ń sùn láàárín garawa, tí o ò jẹun lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo mọ ìyẹn. Gbé ẹrù rẹ."

Wọ́n fi í sí yàrá àlejò padà, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Àbídèmí kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bu iyán tirẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Assomption, fádà ṣe Máàsì ìdúpẹ́ náà, torí Ìyá Suzanne ní òun kì í gba ọrẹ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí fádà wá ohun mìíràn dúpẹ́ fún. Fádà dúpẹ́ fún òjò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá di gidi, bàbá Àbídèmí sọ pé Ìkìrun ni kí àwọn ará Dassa ti wá tọrọ ọmọ òun, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n Àbídèmí ní rárá. Ó ní Ìyá Suzanne kò lè rin ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè tọrọ òun níbi tí Ìyá kò sí, nítorí náà kí bàbá àti ìyá òun jọ̀wọ́ wá sí Dassa. Ẹnu ya bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ rárá lẹ́nu ọmọ yìí rí. Ó fọwọ́ bo fóònù, ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá nǹkan ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ ní ó dà bíi pé ohun tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló lọ. Wọ́n di ẹrù, wọ́n wá. Àwọn òbí ìyàwó ló rìn tọ ọkọ lọ. Ẹ má bú wọn, ìfẹ́ ọmọ ni.

Àgbàlá Arókèsun ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ òkè, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí oòrùn kò tíì mú. Kò sí ariwo. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ọ̀tún fún ará ilé ọkọ, wọ́n to ti ará ilé ìyàwó sí òsì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kún: Tonton Théodore pẹ̀lú tàì lọ́rùn, àwọn bàbá láti Parakou, àwọn ẹ̀gbọ́n láti Cotonou, àwọn ìyàwó ilé, ọmọ lé ọmọ. Ìyá Suzanne wà láàárín wọn lórí àga onítìmùtìmù. Ní òsì, bàbá Àbídèmí ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti Àlájà Ràhímọ́tù. Àwọn yòókù jẹ́ bẹ́ǹṣì òfìfo. Ìyá Àbídèmí ń tún gèlè rẹ̀ ṣe léraléra. Ó hàn pé àìlẹ́ni yẹn ń ká a lára. Àbídèmí, tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, rí i, omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Tonton Théodore dìde, ó tún ọ̀fun ṣe, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ Faransé rẹ̀ nígbà tí Ìyá Suzanne fi ọ̀pá tẹlẹ̀ tó sì dìde. Wọ́n rò pé ó fẹ́ yà sẹ́yìn ilé. Ó kọjá níwájú gbogbo wọn, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ó la àgbàlá kọjá sí òsì, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Àbídèmí.

Tonton Théodore ní, "Ìyá, ẹ̀gbẹ́ tiwa nìyí."

"Ẹ̀gbẹ́ tiyín ti kún," Ìyá Suzanne ní. "Ọmọbìnrin mi kò ní èèyàn púpọ̀ níbí. Jókòó ná, Théodore. Ẹ̀yin lẹ wá tọrọ, àwa la máa bi yín léèrè." Ó di ọwọ́ ìyá Àbídèmí mú, ó wá kọjú sí ibi tó gbọ́ ohùn Léonard kẹ́yìn. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ta ni bàbá rẹ? Kí lo sì wá ṣe nílé wa?"

Léonard wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìyá yìí ló ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Bàbá Àbídèmí gan-an ti ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí èsì. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ àgbàlá náà, ó sì dárúkọ bàbá rẹ̀ fún ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Ìyá Suzanne ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò rò ó wò.